Ojú Tí Mo Fi Wo Ọ̀gá Ọmọ Mi

Bí wọ́n bá ń sá kòkó ní Ìdànrè, gbogbo ìlú ló máa ń rùn bí ọtí tó fẹ́ kan. Òórùn náà máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti ẹ̀bá títì, á rọ̀ mọ́ aṣọ tí mo gé sílẹ̀, débi pé àwọn oníbàárà mi tó ń wá láti Àkúrẹ́ máa ń gbé aṣọ tuntun sí imú kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Èmi ò kà á sí. Inú òórùn yẹn ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ náà ni mo bí ọmọ mi sí. Nítorí náà, lọ́dún tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ fọ́tò, imú ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ó wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì rùn bí ilé wa mọ́. Pọ́dà ló ń rùn, irú èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fi máa ń pa dídán ojú àwọn èèyàn kí ó tó yà wọ́n, pẹ̀lú ìpara kan tó ní òórùn òdòdó. Mo bi í léèrè ibi tó ti rí ìpara. Ó ní, "Ti Àǹtí ni. Wọ́n ní ọwọ́ mi ti gbẹ jù." Ọ̀gá rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo wo ọwọ́ ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, èmi ni mo ń fi òróró pa ọwọ́ yẹn.

Èmi fúnra mi ni mo sì mú un lọ síbẹ̀. Ó ti jáde ilé-ìwé girama, ó ń retí àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mi ò sì fẹ́ kí ó máa jókòó sílé tẹ fọ́ọ̀nù. Obìnrin ni ayàwòrán náà, ìyẹn ni mo fi yàn án. Kí n tó bá a sọ̀rọ̀ rárá, mo ti rìn kọjá níwájú sítúdíò rẹ̀ láti wo irú èèyàn tó ń wọlé tó ń jáde, mo ti yí i po wò bóyá ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo sì ti bi ìyá oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ọkùnrin máa ń pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó tẹ́ mi lọ́rùn, mo fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́, mo sì sọ ohun tí gbogbo òbí máa ń sọ: "Ọmọ yín nìyí. Láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ bí i." O mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu la fi ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń retí pé kí ọ̀gá gbà á bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni mí, èmi náà ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi sọ ọ́ fún mi. Mo máa ń ṣe àmín, mo máa ń padà sídìí maṣíìnì mi.

Ọmọ mi kì í ṣe ẹni tí ń dúró sójú kan. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nǹkan tó bá kéré nìkan ló ń yà, á sì sún mọ́ ọn débi pé o ò ní mọ ohun tó jẹ́: ojú abẹ́rẹ́ tí òwú wà nínú rẹ̀, ibi tí irin maṣíìnì mi ti dógùn-ún, ìyẹ́ eṣinṣin tó bà sórí kòkó. Lẹ́yìn náà ló yọ àwọ̀ kúrò nínú gbogbo nǹkan, ayé wá di dúdú àti funfun. Ó ya aṣọ ìyàwó kan tí mo rán, aṣọ tó pupa bí ata, tí mo tú ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jókòó bó ṣe yẹ. Nígbà tó fi hàn mí, ó ti di eérú. Mo ní, "Pupa ẹ̀ dà?" Ó ní, "Àǹtí ní àwọ̀ máa ń gba ojú èèyàn, kì í jẹ́ kó rí ìṣẹ́po aṣọ." Èmi tí mo ṣẹ́ ẹ po, kò bi mí ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oòrùn sẹ́yìn àwọn èèyàn, tí ojú wọn á ṣú bí òjìji ara ògiri. Bàbá rẹ̀ wo ọ̀kan nínú wọn, ó ní, "Ta ló máa sanwó fún fọ́tò tí kò lójú?" Mo rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ náà ò bínú. Ó ní, "Àǹtí ti sọ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ̀rín mi gbẹ. Ó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí sílẹ̀ pẹ́, tí ọ̀kadà tó ń sáré kọjá á fi dà bí òwú pupa tí wọ́n fà gùn lórí aṣọ dúdú. Èyí dára lójú mi. Mi ò sọ fún un, torí mo mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Gbogbo àwòrán yẹn ni mo ń yẹ̀ wò, ohun tí mo ń wá nínú wọn sì ni ara mi. Ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀ dáadáa: ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ibi tó ti ń họ àgbàdo jẹ, ibi tó ti sùn lọ lórí àga tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Èmi ńkọ́? Bí ọmọ náà bá ti gbé kámẹ́rà sókè báyìí, ara mi á le. Nígbà tiwa, èèyàn á wẹ̀ kí ó tó lọ ya fọ́tò. Á jókòó, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á wo iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe, òun náà á sì sọ kámẹ́rà kalẹ̀. "Mọ́mì, ẹ máa ránṣọ yín lọ jàre. Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí." Ọmọ tí mo bí! Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀?

Nígbà tó yá, ọ̀gá náà fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Àkúrẹ́. Ó ní kí ọmọ mi bá òun lọ, kí ó máa gbé lọ́dọ̀ òun, pé òun á wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ náà ló sọ fún mi, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tí wọ́n ti gbà fún. Rárá ti wà lẹ́nu mi, mo kàn ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ Àìkú ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn méjèèjì gun Òkè Ìdànrè lọ ya àwọn ilé àtijọ́. Òjò ti rọ̀, mo sì mọ bí àpáta yẹn ṣe ń yọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: bí ó bá ń wo inú kámẹ́rà tí kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Bí ejò bá wà nínú àwókù ilé ńkọ́? Mo se ìrẹsì, mo bù ú sínú kúlà, mo ní kí ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ mi kọ́ṣẹ́ dúró ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì gun àtẹ̀gùn tẹ̀ lé wọn. Mò ń sọ fún ara mi pé oúnjẹ ni mò ń gbé lọ fún ọmọ. Orúnkún mi mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn kí n tó rí wọn. Àwọn méjèèjì da ikùn délẹ̀ lórí àpáta, orí wọn pọ̀ sídìí kámẹ́rà kan ṣoṣo, wọ́n ń dúró kí ìkùukùu ká kúrò lójú òkè kejì. Ọ̀gá náà wọ jákẹ́ẹ̀tì. Mo mọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Èmi ni mo rán an fún ọmọ mi nígbà tó wọṣẹ́. Mo fi àpò kékeré sínú rẹ̀ lápá òsì fún ìdérí lẹ́ǹsì, mo sì fi aṣọ tó rọ̀ tẹ́ inú àpò náà kí nǹkan má baà ha á. Mi ò rán irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn rí. Apá rẹ̀ kúrú fún obìnrin náà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yọ síta.

"Ha, Mọ́mì ni!" Ọ̀gá ló kọ́kọ́ rí mi. Ó sáré dìde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ gun gbogbo òkè yìí?"

"Oúnjẹ ni mo gbé wá."

"Mọ́mì, a ti jẹun o," ọmọ mi wí. "Àǹtí ti ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà."

"A máa tún un jẹ," ọ̀gá yára sọ, ó gba kúlà lọ́wọ́ mi. "Ta ló máa rí ìrẹsì ìyá lórí òkè tó máa ní òun ti yó?"

Oore tó ṣe fún mi yẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó gbéra ga sí mi ni, ǹ bá rí nǹkan sọ.

Mo bi ọmọ mi pé, "Òtútù ò mú ẹ?"

"Rárá o. Àǹtí ló ń gbọ̀n."

Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi ṣófo, mò ń wo bí ojú rírán jákẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń fà ní èjìká obìnrin yẹn. Mo gbọ́ ìró kámẹ́rà, mi ò kà á sí. Mo rò pé òkè ló ń yà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ oko kòkó, inú abúlé oko ni wọ́n ń gbé, kì í sì í sábà wọ ìlú. Ó sọ iṣu tó rù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró. Mo ní kí ó wọlé, ó ní ẹsẹ̀ òun dọ̀tí. Ọmọ rẹ̀ dìde nídìí maṣíìnì, ó kúnlẹ̀ kí i, ó bu omi fún un nínú ife tí a fi ń fún àlejò lómi.

"Mo ní kó wá sùn lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ méjì ni mà," obìnrin náà sọ. "Àwọn àbúrò rẹ̀ ń béèrè rẹ̀."

Kí n tó dáhùn, ọmọ náà ti yíjú sí mi. "Mọ́mì, ṣé kí n lọ? Aṣọ ìyá oníbúrẹ́dì ò tíì parí. Tíì yín náà ńkọ́? Kò sẹ́lòmíì tó mọ bẹ́ ẹ ṣe ń mu ún."

Ìyá tó bí i ló pè é, ọwọ́ mi ló ti ń tọrọ ààyè. Obìnrin náà fa etí bùláùsì tí ọmọ rẹ̀ wọ̀, ó yí i sódì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ojú rírán inú rẹ̀.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni. Mọ́mì ló kọ́ mi."

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa gan-an." Ó wá gbé ojú sókè wò mí. Kò pẹ́, kò sì sí èébú nínú rẹ̀. Ó wo téèpù tí mo fi kọ́ ọrùn, ó wo ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé mà. Ẹ ti tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kò jọ mí mọ́."

Mo mọ ojú yẹn, mi ò kàn mọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n ni. Mo ní kí ọmọ náà tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, kí ó fi aṣọ ìyá oníbúrẹ́dì sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ wálé, ó sọ ọ́ sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ó ní kí n wá wo àwọn tó yà lórí òkè. Ó fi ìkùukùu hàn mí, ó fi àwókù ilé hàn mí. Ó wá ní, "Ẹ má bínú o, mo ya yín."

Èmi ni lóòótọ́. Ọwọ́ mi ò sí lórí orúnkún. Èjìká ọ̀gá rẹ̀ wà ní etí fọ́tò náà, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì mi lára rẹ̀, kò tilẹ̀ hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú mi ò sí lára ọmọ mi, kò sí lára òkè, ibẹ̀ ló wà. Ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ fi ojú tú ojú rírán jákẹ́ẹ̀tì náà. Ojú ìyá inú abúlé oko yẹn gan-an ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ló kàn wà lábẹ́ rẹ̀.

"Pa á rẹ́," mo ní.

"Mọ́mì! Òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti yà. Mi ò sún mọ́ yín jù, mi ò yọ àwọ̀ yín, mi ò fi oòrùn sẹ́yìn yín. Ẹ ò sì dúró de fọ́tò."

"Ìyá ẹ ń jowú, o ní ó dára?"

Mi ò mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ jáde. Ó ń fi ìka tọ etí tábìlì lọ. "Mo ti mọ̀ tipẹ́," ó ní. "Mo rò pé ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀gá náà wá. Bàbá ọmọ mi ń wò mí, torí ó mọ̀ pé mo ti ní rárá sílẹ̀. Mo béèrè gbogbo ìbéèrè mi: irú kọ́kọ́rọ́ wo ló wà lára ilẹ̀kùn ibẹ̀, ta ni ó ń gbé yàrá kejì, ṣé fèrèsé ní irin, ta ni yóò máa bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí ó wá kù kí n sọ ọ̀rọ̀ tí òbí máa ń sọ, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ní, "Ẹ máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé ẹ̀yin lẹ bí i. Èmi ni mo bí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà," ó ní, ó kúnlẹ̀. Bàbá ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló bá ẹ du ú?"

Kí wọ́n tó lọ, mo rán jákẹ́ẹ̀tì kan fún ọ̀gá náà, kí ó lè bọ́ tọmọ mi fún un. Mi ò fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ojú tí mo fi wò ó lórí òkè ti wọ̀n ọ́n tán, apá rẹ̀ bá a mu, èjìká rẹ̀ bá a mu. Mi ò fi àpò sínú rẹ̀.

Fọ́tò yẹn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Àkúrẹ́ báyìí. Mo ti rí i níbẹ̀, mo sì yára kọjá níwájú rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé owú náà ti tán. Bí ọmọ mi bá pè mí lórí fọ́ọ̀nù tó ní "Àǹtí ní," nǹkan kan ṣì máa ń já mi jẹ láyà. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bá ti ń bọ̀ láti oko báyìí, tí mo rí i lókèèrè pẹ̀lú iṣu lórí, mo máa ń dìde kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo máa ń po tíì fúnra mi, mo máa ń gbé e lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sì máa ń jókòó síbẹ̀ títí tí ìyá àti ọmọ á fi sọ̀rọ̀ wọn tán. Tíì náà kì í dùn tó ti ọmọ yẹn. Mo ń mu ún bẹ́ẹ̀.