Àfòpiná Òjò, Àfòpiná Ọyẹ́

Òwúrọ̀ kùtù ni mo máa ń ṣiṣẹ́ mi. Iná iwájú ilé wa ní Zawan, lẹ́bàá Jos, máa ń tàn mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn àfòpiná tó ti ń yí i ká á ti sùn sára ògiri, wọn á na ìyẹ́ sílẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Kùrukùru á ṣì wà lórí àwọn òkè. N óò máa rìn lẹ́bàá ògiri bí ẹni tí kò tíì jí tán, n óò máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdílé àfòpiná kan ṣoṣo ni mo ń kọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì, àwọn ńlá kan tí wọ́n ní àmì róbótó bí ẹyinjú lórí ìyẹ́. Mo fẹ́ mọ àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ìdílé yìí ní agbègbè Jos, àti ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Méjì ti dá mi lójú. Ọ̀kan dúdú, ìlà funfun kan sì gba ìyẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìgbà òjò la fi ń rí i. Èkejì pupa rẹ́súrẹ́sú bí erùpẹ̀ ọ̀nà, kò ní ìlà. Ìgbà ọyẹ́ ni tirẹ̀. Mi ò rí èyí pupa nínú ìwé kankan, mo sì ti ń ronú orúkọ tí n óò sọ ọ́.

Nígbà tí òjò ń lọ sópin, màámi wá gbé lọ́dọ̀ mi. Dílímì, láàárín ìlú Jos, ni ilé wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ bàbá mi, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè tó wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Awọ funfun ti bo ojú wọn méjèèjì, a sì ń retí ọjọ́ tí dókítà máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá abo dúdú kan tó ń yé ẹyin sára aṣọ tí mo sá. Mo kó ẹyin náà pamọ́. Nígbà tí àwọn ẹyin náà pa di ọmọ, mo kó wọn sínú àpótí tí mo fi nẹ́ẹ̀tì bò, mo da erùpẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, mo ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti ewé gúáfà sí i, mo gbé e sí yàrá màámi, torí ibẹ̀ ló móoru jù.

“Kí lò ń gbé wọlé yẹn?”

“Ọmọ àfòpiná ni, Màámi.”

“Kai! Èmi àti kòkòrò la ó jọ máa sùn?”

Kò pẹ́ tí mo bá màámi lọ́sàn-án kan, etí wọn wà lára àpótí.

“Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun,” ni wọ́n wí. “Ó ń dún bí òjò tó ń kán sórí ewé.”

Láti ìgbà náà, bí ìró yẹn bá ti dẹ̀, wọ́n á pè mí pé ewé ti tán. Nígbà mìíràn n óò dùbúlẹ̀ tì wọ́n, a ó máa gbọ́ ọ títí oorun á fi gbé àwa méjèèjì lọ.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ náà wọnú erùpẹ̀ àpótí lọ sùn kí wọ́n lè di àfòpiná, yàrá dákẹ́. Ọyẹ́ dé. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú kan fún màámi, wọ́n sì tú aṣọ ojú ọgbẹ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ igbe wọn.

“Ọmọ mi, sáré wá!”

Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú àpótí. Ohun kan ti jáde látinú erùpẹ̀, ó rọ̀ mọ́ igi, ìyẹ́ rẹ̀ tútù, ó ń là díẹ̀díẹ̀. Pupa ni. Kò ní ìlà.

Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo ń wá ìlà funfun náà lára rẹ̀.

“Kí ló dé?”

“Màámi, dúdú ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀yà méjì ni mo pè wọ́n.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “To! Otútù ló ń mú un, ló bá pààrọ̀ aṣọ.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dùn mí pé orúkọ tí mo ti ń rò fún un ti dòfo, síbẹ̀ mi ò lè gbójú kúrò lára ìyẹ́ yẹn. Màámi náà ò gbójú kúrò. Wọ́n ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayé hàn.

Pupa ni àwọn yòókù tó jáde náà. Ọ̀gá mi ní yunifásítì ní kí n tọ́ ọmọ wọn dàgbà wò kí n tó kọ ohunkóhun. Nígbà tí òjò padà dé, màámi ti padà sí Dílímì. Wọ́n pè mí lórí fóònù.

“Ṣé àwọn ọmọ wa ti jí?”

“Wọ́n ti jí, Màámi.”

“Àwọ̀ wo?”

“Dúdú, pẹ̀lú ìlà wọn.”

“Má tíì tú wọn sílẹ̀ o,” ni wọ́n wí. “Mo ń bọ̀ wá wò wọ́n.”