Oògùn Kòkó Lára Ajá Ọkọ Mi

Nígbà tí ọkọ mi kú, ojú mi gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ará ilé ṣe sọ ọ́, wọn ò sì rọra sọ ọ́. Ìyàwó tó jókòó opó, tí omi ò bọ́ lójú rẹ̀! Mi ò bínú sí wọn, mi ò lágbára ìbínú. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, màá jẹ ẹ́, mi ò ní mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ilé onílé là ń gbé ní Ìsọlọ̀, nígbà tí owó epo ń ru bo ìlú, tí wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sí gbogbo ìgbẹ́ tó wà níwájú wa. Iṣẹ́ ìjọba lọkọ mi ń ṣe, tíṣà lèmi. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ra fíríìjì àti rẹ́kọ́ọ̀dù, ajá lòun lọ rà ní ọjà Bọ́ládé ní Òṣòdì. Ẹni tó tà á fún un ní ajá òyìnbó ni. Nígbà tó dàgbà tán, a rí i pé ará Èkó lásán ni bíi tiwa.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí fèrè ilé iṣẹ́ bá ti dún, ajá yìí á lọ dúró lẹ́nu géètì, á máa retí ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn tí a sin ọ̀gá rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Àwọn ẹbí ti kó aṣọ ọkọ mi lọ, wọ́n ti gbé rédíò, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ lọ́kàn ara mi pé ajá yìí kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun nìkan ni mo fẹ́ nínú ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀.

Ọkọ mi ló máa ń ṣa eégbọn ara ajá náà ní Sátidé. Á jókòó lórí àpótí, á gbé agolo kẹrosíìnì síwájú, á máa já wọn níkọ̀ọ̀kan, á máa jù wọ́n sínú agolo. Nígbà tí kò sí mọ́, kò sẹ́ni tó ṣe é. Èmi wà lórí ẹní nínú yàrá. Ní ìlú ọkọ mi lápá Oǹdó, opó kì í yọjú síta lọ́sàn-án títí ìyá ọkọ á fi ní ó tó. Pé Èkó la wà, pé ọmọ ìjọ sì ni wá, kò yí ìyẹn padà. Ìyá ọkọ mi fúnra wọn ló wá jókòó tì mí. Láàárín àkókò yẹn, eégbọn bo etí ajá náà, wọ́n wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n. Mẹkáníìkì tó wà ní ojúlé kejì ní ká fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dúdú pa á lára. Àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú gbé agolo oògùn ẹ̀fọn wá láti Àjàó Estate. Mo ka ara agolo náà: ó ní kó má kan ara èèyàn tàbí ti ẹran. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rántí ohun tí dókítà ẹran sọ fún mi nígbà tí mo mú ajá náà lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó ní, “Madam, ajá máa ń lá ara ẹ̀. Anything tẹ́ ẹ bá fi pa á lára, ẹ kà á sí pé ẹnu ẹ̀ lẹ fi í sí. Ẹ máa ṣa á, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sun àpò tó ń sùn lé.”

Lọ́jọ́ kan ni ìyá ọkọ mi yọ ìgò kan látinú ẹrù wọn. Oògùn kòkó ni, èyí tí wọ́n ń fọ́n lóko kí kòkòrò má ba kòkó jẹ́. Ilé kòkó ni wọ́n bí wọn sí, ilé kòkó ni wọ́n fẹ́ wọn sí. Lójú wọn, oògùn tó ṣẹ́gun kòkòrò orí kòkó, kí ni eégbọn jẹ́ níwájú rẹ̀?

“Ìyàwó, ọmọ mi ló ní kí n mú un bọ̀,” ni wọ́n wí. “Ìgbà tó wá sílé kẹ́yìn. Ó ní torí ajá òun ni. Iṣẹ́ tó rán mi kẹ́yìn nìyẹn.”

Mo dùbúlẹ̀ padà sórí ẹní, mo kọjú sí ògiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n kọ́kọ́ wọ́n oògùn náà sí àpò tí ajá ń sùn lé. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó kọ̀, ó wá sùn lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Ilẹ̀ mọ́, adìyẹ ìyá onílé ṣa eégbọn tó kú sórí àpò náà jẹ, mélòó kan nínú àwọn adìyẹ náà sì ṣubú lulẹ̀, wọ́n kú. Ìyá onílé figbe ta. Ìyá ọkọ mi ní àrùn ọyẹ́ ló pa adìyẹ, ọdọọdún ló ń pa wọ́n. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ó dá wọn lójú. Wọ́n po oògùn mọ́ omi nínú bàsíà, ó funfun bí omi ògì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ajá náà lẹ́yìn.

Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i tí ajá yí orí padà, tó fẹ́ lá ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dìde lórí ẹní.

“Rárá, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.”

“Ìyàwó, padà sínú ilé! Ọ̀sán nìyí!”

Mi ò padà. Mo di ẹnu ajá mú, mo da bàsíà náà nù sínú kòtò ẹ̀yìn ilé, mo sì fi ọṣẹ wẹ ajá náà, aṣọ dúdú opó lọ́rùn mi, omi lẹ́yìn omi, lójú gbogbo ayálégbé. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, “Háà, opó!” Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí lára.

Síbẹ̀ oògùn ti wọ ajá náà lára díẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Mo jókòó tì í. Nígbà tó yá, ìyá ọkọ mi gbé agolo kẹrosíìnì wá, wọ́n jókòó sí òdìkejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa eégbọn etí kan. Mo mú etí kejì.

“Ṣé ó máa kú ni?” ni wọ́n bi mí.

“Mi ò mọ̀, màmá.”

“Mi ò ní i lọ́kàn láti pa ohun tó jẹ́ ti ọmọ mi.”

“Mo mọ̀, màmá.”

Fèrè ilé iṣẹ́ dún. Ajá náà gbórí sókè. Ó dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣubú, ó tún dìde, ó sì wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu géètì. Ó dúró, ó kọjú sí títì.

Ìyá ọkọ mi bú sẹ́kún. Ojú tèmi ṣì gbẹ. Mo kàn nu ọwọ́ mi, mo jáde lójú gbogbo wọn, mo sì lọ dúró tì í, kí àwa méjèèjì jọ máa wo ọ̀nà.