Ọjọ́ Tí Alùpùpù Ìyá Àgbà Yadi

Ìyá àgbà ká ìbòrí wọn sókè, wọ́n gbé etí lé ìjókòó alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà bí ẹni tó ń gbọ́ mímí ọmọ tuntun, wọ́n sì na ìka kan sókè kí gbogbo ilé lè dákẹ́. Wọ́n ti rán mi lọ bẹ ọkùnrin tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa pé kó pa ẹ̀rọ rẹ̀ ná. Ìyá mi ti pa rédíò. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ni kò gbọ́ràn.

"Yí kọ́kọ́rọ́."

Mo yí i. Wọ́n bi mí pé kí ni mo gbọ́.

"Ban ji komai ba," ni mo sọ. Hausa ló máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́nu àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Maiduguri.

"Èmi ò bí Hausa. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Màmá."

"Èmi náà ò gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn ọ̀hún wà."

Tẹ́lẹ̀, tí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, pọ́ǹpù tó ń ti epo láti inú táǹkì lọ sínú ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ kọrin "wíìì" díẹ̀ bí ẹ̀fọn, á dákẹ́, ẹ̀rọ á sì dìde. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó yadi. Mẹkáníìkì kan wá wò ó, ó ní pọ́ǹpù ti kú, ọ̀nà jíjìn ni tuntun yóò ti wá. Bàbá mi, tí wọn ò ní sùúrù fún ohun tó bá ti dùbúlẹ̀, ní àwọn ti rí ẹni tí yóò rà á bó ṣe wà. Tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn, àwọn á mú un wálé. Oòrùn sì ti ń gun òkè.

Orúnkún Ìyá àgbà ti daṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó bí mi. Fori la sì ń gbé, ní àdúgbò tí iyanrìn rẹ̀ jìn débi pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ á já ọ sí títì, wọ́n á ní kó o fẹsẹ̀ rìn yòókù. Inú ọgbà ilé ni ìyá náà máa ń wà, lórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò, tí wọ́n ń bi ẹni tó bá wọlé pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ níta. Nígbà tó yá, bàbá mi ra alùpùpù náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Old GRA tó ń kó kúrò nílùú, kí wọ́n lè máa fi kó ẹrù lọ sí ìsọ̀. Ìyá àgbà gùn ún lọ́jọ́ kan láti fi dá wa lẹ́rìn-ín, wọn ò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Wọ́n ń gbé e lọ sí Monday Market, wọ́n ń gbé e lọ kí ọ̀rẹ́ wọn, ìyá Kanuri kan tí wọ́n ti jọ wà láti ìgbà ìyàwó. Àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa kígbe "Hajiya mai babur!", Hajiya alálùpùpù. Àwọn ṣọ́jà dá wọn dúró rí, wọ́n ní ìjọba ti fòfin de alùpùpù. Ìyá àgbà ní kí wọ́n wá ka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá méjì ni. Ẹ̀rín pa àwọn ṣọ́jà, wọ́n ní kí Hajiya máa lọ.

Bí wọ́n bá tà á, abẹ́ igi ni wọn yóò padà sí. Wọn ò bẹ bàbá mi o. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé ẹni tó bá fẹ́ ra òkú, kó jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó kú.

Ìyá àgbà àti bàbá àgbà ti jọ ta pátì mọ́tò rí. Wọn ò lè tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, wọ́n sì ti fi etí kó àwàdà àti irọ́ mẹkáníìkì jọ. Wọ́n ṣí táǹkì: epo wà, òórùn rẹ̀ jáde lọ pàdé ti ẹja gbígbẹ tí ìyá mi ń ṣan. Mo tẹ họ́ọ̀nù, ó ké. Wọ́n ní iná wà nílé nìyẹn, kò kàn dé ilé ìdáná ni. Wọ́n wá gba orógùn lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n ń rọra fi kan abẹ́ táǹkì bí mo ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Lójijì ó dún "wíì", ó sì gé. Mo fò sókè.

"Òkú kì í dáhùn," ni wọ́n wí.

A ṣí ìjókòó. Wọ́n ní kí n fi ìka tẹ̀ lé wáyà láti ibi bátìrì títí dé ibi pọ́ǹpù. Níbi tí wáyà méjì ti so kọ́ra, mo fà á yọ, omi sì kán sí mi lẹ́sẹ̀. Irin inú rẹ̀ ti hu àwọ̀ ewé. Mo bi wọ́n pé níbo ni omi ti wá, nígbà tí òjò ò tíì rọ̀ lọ́dún yẹn. Kẹ́tù àlùwàlá wọn tó wà lẹ́bàá ògiri ni wọ́n ń wò. Èmi náà wá wò ó.

Gbogbo ìdájí Jímọ̀ ni Ìyá àgbà máa ń fi kẹ́tù yẹn wẹ alùpùpù náà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á wá sójú iná iwájú, wọ́n á fi táyà parí. Wọ́n ní ohun tó ń gbé àwọn lọ sí mọ́ṣáláṣí kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Wọ́n tilẹ̀ máa ń ṣí ìjókòó kí omi lè dé inú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ara rẹ̀ ò yá.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wọ́n. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n di orúnkún mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. "Èmi ni mo rì í sómi! Mo sì ti ń bú mẹkáníìkì, ọmọ ọlọ́mọ, láti àná."

A fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ irin náà títí ó fi ń dán. A sá a sóòrùn, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó gbẹ, wọ́n fi faselíìnì tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́sẹ̀ dí ẹnu rẹ̀, kí omi má bàa rí ọ̀nà wọlé mọ́. Wọ́n fọwọ́, wọ́n kírun ọ̀sán lórí ẹní, nítorí Jímọ̀ ti kọjá wọn lọ. Lẹ́yìn náà a so wáyà padà.

"Yí i."

Ó kọrin ẹ̀fọn rẹ̀ dópin. Ẹ́ńjìnnì dìde, ewúrẹ́ túká, ìyá mi ń wí pé Alhamdulillahi. Inú mi dùn débi pé mo ń jó láìsí ìlù. Ìyá àgbà ní kí n gun ẹ̀yìn, a sì jáde.

Ní kọ́nà, a pàdé bàbá mi àti oníbàárà wọn, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú iyanrìn. Ìyá àgbà dúró, wọ́n kí wọn kú ìrìn, wọ́n béèrè bóyá àlejò tó fẹ́ ra òkú nìyí. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Hajiya, ai wannan ba na sayarwa ba ne," pé irú èyí kì í ṣe ọjà. Bàbá mi béèrè ohun tó ṣe é.

"Èmi ni," ni Ìyá àgbà sọ níwájú àlejò, láìsí ìtìjú kankan. "Omi tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́ ló pa ohùn rẹ̀. Aṣọ gbígbẹ ni n ó máa fi nù ún báyìí."

Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn ń retí àwọn. A ṣí lọ, iyanrìn sì ta sára aṣọ funfun méjèèjì.

Ìyá àgbà ti lọ, Ọlọ́run kó fọ̀run kẹ́ wọn. Bàbá mi náà ti dàgbà, orúnkún ìyá wọn sì ni wọ́n jogún. Láìpẹ́ yìí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Wọ́n ní kí bàbá ti ìsọ̀ pa, kí wọ́n jókòó sílé, gbogbo wa á jọ máa tọ́jú wọn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, wọ́n fẹ́ràn bàbá jù mí lọ pàápàá. Àmọ́ mo ti rí ohun tí ìtọ́jú lè ṣe fún nǹkan bó bá ti pọ̀ jù. Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kankan ti bi bàbá léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ máa lọ. Kò sí ẹni tó bi wọ́n.

Mo lọ fúnra mi, mo jókòó ti bàbá, mo bi wọ́n. Wọ́n ń ka ibi tí wọ́n fẹ́ lọ fún mi títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì.