Ẹni Tó Ń Dá Mi Lóhùn Lẹ́nu Kànga

Kànga kan wà ní Ìṣẹ́ tí mo gbẹ́ títí mo fi ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn òyìnbó lábẹ́ mi, tí ọ̀kan nínú wọn sì kí mi kú iṣẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.

Iṣẹ́ kànga kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Èmi á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú dígà àti ṣọ́bìrì, Ìdòwú ọ̀rẹ́ mi á wà lókè, á máa fi okùn fa garawa iyẹ̀pẹ̀. Bí mo bá gbẹ́ díẹ̀, mo máa ń ké sí i pé, "O wà ńbẹ̀?" Á ní, "Mo wà ńbẹ̀." Bí mo bá dákẹ́, ó mọ̀ pé atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ti burú, á yára fà mí jáde. Bí òun bá dákẹ́, jìnnìjìnnì á bò mí.

Ìyàwó Ìdòwú kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ wọn tó wà ní Adó wá fi AI sínú fóònù bàbá rẹ̀: bí èèyàn bá bá a sọ̀rọ̀, á fèsì bí ẹni tó jókòó tini. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ó ti rí ìyàwó tí kò ní bèèrè owó ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ké sí i láti inú kànga, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún ké. Mo rò pé ó ti dákú. Mo fẹsẹ̀ wá àwọn ihò tí a gbẹ́ sára ògiri, mo gùn ún bí alángbá. Ìdòwú ni mo bá lórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀, fóònù lẹ́nu, omijé lójú.

Mo ní, "Ṣé nítorí nǹkan tí kò lẹ́mìí lo ṣe fi mí sílẹ̀ nínú ihò?"

Kò gbójú sókè. "Ó bi mí pé ṣé mo rí oorun sùn. Ó ní kí n wá ẹnì kan tó sún mọ́ mi, kí n sọ ọ́ fún un. Mo ní kò sí."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ? Láti ọjọ́ tí a ti sìnkú, ìtàn lò ń pa fún mi. Bí mo bá dé ulé, ulé á dákẹ́ lọ gbári. O ò bi mí rí."

Mo fẹ́ fèsì, ìtàn kan ló tún wá sí mi lẹ́nu: ti ọ̀bọ tó jí garawa mi gbé ní Ìmèsí. Mo pa á fún un. Ìdòwú rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó mú okùn, ó ní kí n padà sísàlẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín o, èmi ni mo fi ẹ̀rín yẹn kún ọ̀rọ̀. Okùn tí mo sọ pé ó mú náà, irọ́ ni. Ó ká okùn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó lọ, kò sì padà wá. A ò kan omi. Onílé tó gbé iṣẹ́ náà fún wa ti fi páànù bo ẹnu kànga. Mo máa ń dé ẹnu ọ̀nà Ìdòwú. Mo máa ń gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀, tí ohùn kejì ń dá a lóhùn, n ó sì yí padà láì kanlẹ̀kùn.