Alága Tó Fi Bàtà Pe Ìpàdé

Ọjọ́ Àìkú tí Zachariah kó bàtà gbogbo ìjọ lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà kan ní Odigbo, wòlíì wà nínú ilé, ó ń gbàdúrà pé kí olè má rí dúkìá wọn gbé.

Àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà wọnú ilé Ọlọ́run. Ìta ni wọ́n ń bọ́ ọ sí. Zachariah mọ̀, torí òun náà ń jọ́sìn níbẹ̀. Ó ti bárò wá, ó da bàtà sínú rẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi dé abẹ́ igi máńgòrò tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ń ṣèpàdé. Nígbà tí ìjọ jáde, páálí kan ṣoṣo ni wọ́n bá nílẹ̀. Zachariah kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: "Bàtà yín ti lọ sípàdé. Ẹ máa bá a lọ."

Alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko ọ̀pẹ ńlá kan lọ́nà Agbabu ni Zachariah. Igba èèyàn ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Mẹ́tàlá ló ń wá sípàdé. Lọ́rì tí kò lórùlé ló ń kó wọn lọ sóko láràárọ̀, wọ́n á tò dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí ìtì igi. Lọ́jọ́ kan lọ́rì bọ́ sí kòtò, Loveth tó ń ṣa ẹyìn já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Zachariah lọ bá máníjà, ó ní bọ́ọ̀sì tó níjòókòó làwọn fẹ́.

Máníjà rẹ́rìn-ín. "Ẹni mẹ́tàlá kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìdílé ni. Lọ́jọ́ tí ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ bá nawọ́ lójú akọ̀wé mi, ẹ padà wá."

Ìdí bàtà nìyẹn.

Ẹni mẹ́fà lé lọ́gọ́rùn-ún ló dé abẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ lásán, ojú pípọ́n. Gbogbo wọn nawọ́. Joshua, akọ̀wé máníjà tí Zachariah pè wá sí ìpàdé pàjáwìrì náà, kà wọ́n, ó wá wo ìwé orúkọ. Ogójì péré ni ọmọ ẹgbẹ́. Ìyàwó ni àwọn yòókù, àti akọrin, àti wòlíì fúnra rẹ̀.

"Bàbá Wòlíì, ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́ lóko ọ̀pẹ ni?"

"Rárá o. Alága ní ẹni tí kò bá nawọ́ kò ní rí bàtà gbà."

Èṣùbíyìí ò sí níbẹ̀. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bàtà rẹ̀ wà. Ọ̀rẹ́ Zachariah ni, ọjọ́ orí wọn ò jura lọ, kò sì sẹ́ni tó lè bẹ́ ẹyìn bíi tirẹ̀. Àmọ́ kò wá sípàdé rí. Ó ní ẹnu Zachariah nìkan tó igba èèyàn.

Lọ́jọ́ ìpàdé kan, Zachariah lọ bá a nílé. Ó bá a lórí ẹní.

"Inú ń run mí," Èṣùbíyìí wí.

"Inú run ọ́ lóṣù tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó run ọ́ lóṣù tó ṣáájú ìyẹn. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni gbogbo ẹ̀." Zachariah kọjú sí Toyibat, ìyàwó Èṣùbíyìí. "Ìyàwó wa, o ò sọ fún mi pé ọkọ rẹ ti ń ṣe nǹkan oṣù."

Toyibat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èṣùbíyìí kò bá Zachariah sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Ó sì búra pé òun ò ní dé ìpàdé láé, kí wọ́n má baà ní nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan tún wá láti Àkúrẹ́ láti bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀wù kóòtù ló wọ̀. Ó sọ òyìnbó fún ogójì ìṣẹ́jú, òógùn bò ó, ó wá ní kí alága túmọ̀ rẹ̀.

Zachariah dìde. "Ó ní ẹ máa wá sípàdé." Ó jókòó.

"Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, sà. Ó ku ọ̀kan." Ó tún dìde. "Ó ní ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Èṣùbíyìí gbọ́ kí Zachariah sọ̀rọ̀ láìṣàwàdà. Ìdí ọ̀pẹ ni wọ́n wà, wọ́n ń mu omi.

"Loveth ò tíì lè tẹ ẹsẹ̀ yẹn nílẹ̀," Zachariah wí. "A ó tún gun lọ́rì yẹn lọ́la. Ta ló kàn?"

"Ṣé ọwọ́ tèmi nìkan ló wá kù ni?"

"Gbogbo wọn ló ń bi mí bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Zachariah kú, ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n sin ín ní Ọjọ́bọ̀. Sátidé ni ìpàdé bọ́ sí.

Èṣùbíyìí jí, ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù.

"Inú ńkọ́?" Toyibat bi í.

"Fi inú mi sílẹ̀."

Ó rò pé òun ò ní bá ẹnì kankan. Ó dé ibẹ̀, kò ráyè dúró sí. Àwọn kan wà lórí gbòǹgbò máńgòrò, àwọn kan wà lórí ọ̀kadà. Ẹ̀bùnọlá, igbákejì alága, ń wo ẹ̀yìn wo iwájú. Bẹ́ǹṣì méjì ló gbé wá.

Lọ́tẹ̀ yìí Joshua kọ́kọ́ pe orúkọ. Ó wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ bọ́ọ̀sì nawọ́. Ó ń gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú bírò, ó ń kà. Ó ti kọjá ọgọ́rùn-ún kó tó kan Èṣùbíyìí. Èṣùbíyìí na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Bàbá, ọwọ́ kan lẹnì kan ń nà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sọ ọ̀kan kalẹ̀ nígbà náà."

Èṣùbíyìí wo ọwọ́ ọ̀tún. Ó wo tòsì.

"Èwo? Tèmi àbí ti Zachariah?" ó bi í.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Joshua ka ẹyọ kan, ó kọjá lọ. Nígbà tó ka ẹni ìkẹyìn tán, tí gbogbo èèyàn ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, méjèèjì ṣì wà lókè.