Ilẹ̀kùn Ìrókò tí Mo Kàn fún Àbúrò Mi

Ẹsẹ̀ méjì péré ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ gbà. Àbúrò mi obìnrin ní òun kà á. Ọkọ rẹ̀ ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan, ó ta á lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀kùn ya láàárín bí ẹni ya búrẹ́dì, ó sì wọlé tọ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn yẹn, èmi ni mo rà á. Ìsàlẹ̀ Challenge ní Ìlọrin níbí ni mo ti rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ìṣó àti gọ́ọ̀mù lẹ pákó pọ̀, tí wọ́n á wá fi ọ̀dà pupa bo ẹ̀tàn mọ́lẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ káfíńtà, mo lọ ra ilẹ̀kùn lójú títì fún ọmọ ìyá mi, nítorí mo ní ọwọ́ mi dí. Ojú ń tì mí títí dòní.

Ọjọ́ kejì ló wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti wú pa, eyín iwájú kan ti lọ. Ó jókòó sórí ìtí igi, kò sunkún. Yàrá tó ń gbé ní Tanke, òun ló ń sanwó rẹ̀, iwájú rẹ̀ ló ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà kò ní í kó kúrò níbẹ̀. Ó ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ó ti lọ bá bàbá wa, bàbá ní kò sí ọkọ tí kì í bínú. Ó wá kọjú sí mi. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ lè kan ilẹ̀kùn tí kò ní í fọ́ fún mi?"

Mo ní mo lè kàn án. Inú ń bí mi. Inú fùfù ni èmi náà ní, ẹni tó bá mọ̀ mí kò ní í jiyàn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Ìlọrin gidi ni, láti agbo ilé àwọn àfáà nínú ìgboro àtijọ́. Láàárọ̀ á ka Kùránì pẹ̀lú ohùn tó dùn, tó bá di ọ̀sán á fi igi tí a fi ń wọn igun gbá èèyàn lórí. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì torí irùngbọ̀n mi fi mí sílẹ̀. Ó lù mí nítorí ìlà tí kò gún, ó lù mí nítorí síṣẹ́ẹ̀lì, irin tí a fi ń gbẹ́ ihò sígi, tí kò mú. Ìṣó kò gbọdọ̀ wọ iṣẹ́ rẹ̀. Igi kan á ní ihò, ìkejì á ní ahọ́n, ahọ́n á wọnú ihò, wọ́n á há mọ́ra. A ó wá lu ihò kékeré já àwọn méjèèjì, a ó gbá èèkàn igi bọ̀ ọ́, ó parí. Ayùn, síṣẹ́ẹ̀lì àti òòlù onígi ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bó o bá ti so igi pọ̀ tán, kí o tó fi èèkàn sí i, ọ̀gá mi á gbé e lé orí òkúta, á mú òòlù irin ńlá tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta, á là á mọ́ oríkèé rẹ̀. Bí oríkèé yẹn bá yẹ̀ tó irun orí, á fọ́ gbogbo iṣẹ́ náà wómúwómú lójú rẹ, á ní kí o gbá a jọ, kí o fi dáná, kí o fi se ṣáì fún òun. Mo ti se ṣáì fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Ó mu ún tán, ó sì ní ṣúgà kò tó.

Òfin rẹ̀ kejì nìyí: ẹni tó ni iṣẹ́ kò gbọdọ̀ mọ ibi tí èèkàn wà. A ó gé e dọ́gba pẹ̀lú ojú igi, a ó fi iyẹ̀fun ayùn àti gọ́ọ̀mù pa á rẹ́, a ó fi yanrìn pépà họ ọ́, títí ojú ò fi ní í rí i mọ́. "Ẹni tó bá mọ ibi tí nǹkan ti ń tú," ọ̀gá mi á ní, "á tú u."

Ìrókò ni mo lò fún ilẹ̀kùn àbúrò mi. Òpó méjì lóòró, igi mẹ́ta níbùú, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, pátákó tó ki láàárín wọn. Ihò mẹ́fà ni mo gbọ́dọ̀ gbẹ́. Mo gbé síṣẹ́ẹ̀lì lé ojú ìlà, mo rí imú ọkọ rẹ̀, mo gbé òòlù, mo là á mọ́ ọn. Mo rí ẹnu rẹ̀, mo là á mọ́ ọn. Iṣẹ́ igi, àwọn tí kò ṣe é rí rò pé iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ ni. Ìjà ni. Èérún ìrókò ń fò mọ́ mi lójú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́yìn ìka mi, mi ò dúró.

Ọ̀gá mi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bi mí pé, "Ta lò ń lù?"

"Igi ni, ọ̀gá."

"Irọ́ ni. Igi ò ṣẹ̀ ọ́." Ó tẹ ìka bọ inú ihò tí mo gbẹ́. "Wo ògiri ihò yìí, o ti jẹ́ kó fẹ́lẹ́ jù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Méjì tó wà nísàlẹ̀, tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ nígbà tí inú mi ń hó, ògiri wọn ní ìhà ìta kò ju ìwọ̀n ìka ọmọńdinrín mi lọ. Mo ní kí ọ̀gá mi dárí jì mí, mo fara balẹ̀ gbẹ́ mẹ́rin tó kù. Nígbà tí mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀gá mi gbé òòlù irin rẹ̀, ó là á mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì rọra lù ú. Oríkèé kankan kò yẹ̀. Ó ní, "Àlùhàmùdùlíláì," ó sọ òòlù sílẹ̀. Mo gbá èèkàn wọlé, mo sì pa ojú wọn rẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin. Nígbà tí mo gbé ilẹ̀kùn náà kọ́ ní Tanke, mo fi irin méjì sára ògiri inú yàrá, mo gbẹ́ ọ̀pá ìrókò kan tí àbúrò mi á máa gbé dábùú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó gbé e síbẹ̀, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àlàfo eyín rẹ̀.

Ọkọ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n pè mí, mo sáré débẹ̀, àbúrò mi ti wà nínú, ó ti dá ọ̀pá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ta á nípàá, ó fi èjìká gbá a, ó gbé òkúta, ó gbé ọmọ odó. Gbogbo agbo ilé jáde, wọ́n ń pariwo pé kó fi í sílẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò dá sí i. Mo ká ọwọ́ lẹ́rán, mo ń wò ó. Nígbà tó tún ta á nípàá, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ó jókòó sílẹ̀ ó ń kígbe, mo sì rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn gbé ojú sókè, ó wo ilẹ̀kùn, kò wo ojú wa. Mo rò pé ìtìjú ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ kó ara wọn wá sílé wa. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. Wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni, wọ́n ní ẹ fọwọ́ wọ́nú. Bàbá wa ti gbà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ojú àbúrò mi wà nílẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́. Ìgbà náà ni èmi la ẹnu mi. Mo ní, "Jẹ́ kó wọlé. Bó bá tún hùwà burúkú, ṣebí ilẹ̀kùn wà?" Ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ló parí ìpàdé. Àbúrò mi gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó gbà á padà.

Oṣù mẹ́ta ni ara ọkùnrin náà fi balẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀. Ọkọ àbúrò yín ti gbé ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn. Inú ibẹ̀ làwọn méjèèjì wà."

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré. Mo wá kan ilẹ̀kùn tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, n kò sì bi ara mi pé ta ni yóò wà nínú.

Mo gbé síṣẹ́ẹ̀lì àti òòlù, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, wọ́n ń ta padà bí bọ́ọ̀lù. Irin wà lójú fèrèsé. A ń gbọ́ bó ṣe ń lù ú nínú, a ń gbọ́ igbe. Kò pẹ́, igbe dákẹ́, lílù ò dákẹ́.

Mo tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kúnlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo lọ, síbi ihò méjì tí ìbínú mi sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo wá èèkàn, mi ò rí i. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi gbá a wọlé, mo ti pa á rẹ́ jù. Mo fi ìka mẹ́ta wọn ọ̀nà láti etí òpó, mo ní ibí ló gbọ́dọ̀ jẹ́, mo gbé síṣẹ́ẹ̀lì lé e, mo lù ú. Ìrókò kì í ṣe igi tí í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo lù ú títí orí síṣẹ́ẹ̀lì fi là, tó ń gé mi lọ́wọ́. Ògiri ihò náà sán, ó ṣí, ahọ́n yọ síta, funfun bí eegun. Mo yí sí ọwọ́ kejì, mo lu ìyẹn náà fọ́. A wọ́ igi ìsàlẹ̀ jáde, mo fi ẹsẹ̀ ta pátákó wọlé, mo fi àyà wọ́ wọ inú ihò náà.

Ọkùnrin náà di irun àbúrò mi mú. Apá àbúrò mi òsì ti ká níbi tí kò sí ìgúnpá. Mo fi òòlù gbá ọkùnrin náà lórúnkún, ó ṣubú, mo gun orí àyà rẹ̀, mo gbé síṣẹ́ẹ̀lì lé abẹ́ etí rẹ̀. Mo ti gbé òòlù sókè. Mo mọ ibi tí mo ń gbé e lọ, mo sì fẹ́ ẹ.

Àbúrò mi kò bẹ̀ mí nítorí rẹ̀. Ó kàn ní, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "Bọ̀dá mi, ẹ kọ́kọ́ gbé mi jáde ná."

Mo ju òòlù nù. Mo gbé ọ̀pá kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé àbúrò mi, mo gbé e jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé tọ ọkùnrin náà, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un, mi ò bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọlọ́pàá tó ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, àwọn náà ló wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú un lọ. Nígbà tí àwọn àgbà rẹ̀ tún dé, bàbá wa kò fún wọn ní ìjókòó.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àbúrò mi tó wá sí ṣọ́ọ̀bù, apá rẹ̀ ṣì wà nínú sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dì í ní ọsibítù. Ó jókòó sórí ìtí igi ọjọ́ kìíní. Mo ti ń kan ilẹ̀kùn mìíràn fún un, mo sì ti ní ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ fi ibi tó ti ń tú hàn mí."

Mo wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi gbé búútà rẹ̀, ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá. Àsìkò ìrun kò tíì tó.

Mo mú oríkèé kan tí mo ti so pọ̀, mo fi ẹfun yí ibi tí èèkàn wà po, mo fi ìka hàn án bí ògiri ihò ṣe nípọn tó. Ọwọ́ kan ló ní, kò lè di síṣẹ́ẹ̀lì àti òòlù mú pọ̀. Èmi di síṣẹ́ẹ̀lì mú, mo gbé òòlù lé e lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó lù ú. Kò mọ̀ ọ́n lù, ṣùgbọ́n ó le. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, kò wo ojú igi mọ́, ojú mi ló ń wò. Lẹ́ẹ̀kẹrin, òòlù bá mi ní àtàǹpàkò, èékánná mi là, ẹ̀jẹ̀ bo síṣẹ́ẹ̀lì.

Ó dúró, òòlù wà lókè. Mi ò yọ ọwọ́ mi kúrò. Mo ní kó máa lù ú.