Píkọ́ọ̀pù Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Gòkè

Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ ìjọba máa ń pa Bámiṣayé, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó lé ní ogún ọdún tó fi wa ọkọ̀ fún àwọn ẹńjiníà ìjọba ní Lokoja. Kò sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ la ọ̀nà sí tí kò gbé wọn dé. Wọn á sọ̀kalẹ̀, wọn á na ìka sí òkè, wọn á nu òógùn, wọn á ní ibẹ̀ mà dára o. Lẹ́yìn náà wọn á wọkọ̀, ó di gbére. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1987, tí wọ́n ń ta àwọn ọkọ̀ tó ti gbó, ó fi owó ìfẹ̀yìntì ra èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti wà títí: píkọ́ọ̀pù Dátísọ̀n kan tó ń lo dísẹ̀lì, tí ọ̀dà funfun ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì.

Gbogbo Otokiti, àdúgbò wọn ní Lokoja, ló mọ ohun tó yẹ kí ó fi ọkọ̀ náà ṣe, àfi òun nìkan. Rebecca ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, ní kó máa fi kó ẹrù lọ sí Kabba; ojú ọ̀dà ni, kò ní fa wàhálà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n òkè ni ojú Bámiṣayé wà. Lórí òkè ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, níbi tí wọ́n bí i sí, ni Adéòkè ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọ̀nà ibẹ̀ kúrò ní ohun tí à ń pè ní ọ̀nà: àpáta ni, kòtò ni, ẹrẹ̀ ni. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó ń gùn ún. Iṣu á jẹrà sóko, aláìsàn á sì di ẹrù ẹ̀yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pọn ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ́dún kan, nígbà tí ojú rẹ̀ méjèèjì ń ṣú lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pọ̀n ọ́n yọ̀ ṣubú lórí àpáta, ìyá arúgbó sì fìdí balẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níṣojú àwọn àna rẹ̀. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú kan, ó ní kó padà wá ṣe èkejì. Màmá ní ó tì.

"Ọmọ mẹ́fà ni mo pọ̀n láyé yìí," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní pọ̀n mí mọ́, àfi tí wọ́n bá ń gbé òkú mi."

Ojú kejì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń jẹ Bámiṣayé lọ́kàn nìyẹn, òun ló sì mú un gbé ọkọ̀ lọ bá Súbérù, mẹkáníìkì ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lokoja àtijọ́. Súbérù rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó jáde.

"Ọ̀gá dírẹ́bà, ó ṣe é ṣe. Màá fi sípíríǹgì lọ́rì kún ẹ̀yìn rẹ̀, màá gbé ara rẹ̀ sókè, ẹ ó wá ra táyà ńlá sí i. Màá jó irin pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnì kí àpáta má bàa fọ́ ọ. Jíà ẹ̀yìn náà á di ti lọ́rì, kó lè máa rìn pẹ̀lẹ́ kó sì lágbára. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gé e, ó ti gé nìyẹn. Kò ní lè sáré lójú ọ̀dà mọ́, á máa jù yín sókè sódò, kò sì sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ yín. Wàláhì, ẹ lọ rò ó dáadáa."

Ibi tó ti ń rò ó ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ti ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé ní àdúgbò Karaworo ní Lokoja, lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi. Oyèníyì, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága wọn, òun náà ló ń bá ìlú kọ ìwé sí ìjọba.

"Bámiṣayé, a gbọ́ pé o fẹ́ máa gbé ọkọ̀ gòkè nínú òjò. Látìgbà wo la ti ń kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin pé ọkọ̀ kankan ò lè dé ìlú wa? Gbogbo ẹjọ́ tí a ní nìyẹn. Bí tìrẹ bá wá ń lọ tó ń bọ̀, kí la fẹ́ wí? Wọn á ní ṣebí ọkọ̀ ń débẹ̀. Ṣe sùúrù títí wọ́n á fi wá wò ó."

"Wá wò ó?" Bámiṣayé bú sẹ́rìn-ín. "Alága, èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ wò ó!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n Oyèníyì ò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màmá rẹ ti dàgbà. Lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹgbẹ́ ò ní gbẹ́ ilẹ̀."

Ẹnikẹ́ni ò ní láti túmọ̀ ìyẹn fún un. Èèyàn lè fowó háyà àga, ó lè fowó ra pósí, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ẹni ló ń gbẹ́ ilẹ̀ fún òkú ẹni. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ láti gbẹ́ ilẹ̀ fún, wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlẹ́nìkan lójú ayé. Inú kọ́kọ́ bí Bámiṣayé, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Ó dìde láì kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá Janet, ẹ fi í sílẹ̀," Rebecca bẹ̀ ẹ́ nílé. "Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi ẹsẹ̀ gun òkè lọ bá ìyá rẹ̀. Ó bá a tó ń bó ẹ̀gúsí, ojú kan ò tó fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, ìka ló fi ń mọ èyí tó ti bó àti èyí tí kò tíì bó.

"Ọ̀kún o, màmá."

"Ọ̀kún, ọkọ mi."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi pamọ́ pé òun ti fẹ́ jáwọ́. Adéòkè gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ta ni wọ́n ní àwọn ò ní gbẹ́ ilẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yin ni, màmá."

"Ikú mi ni wọ́n jókòó lé lórí ní Karaworo tí wọn ò pe èmi sí i? Ojú tí mo fẹ́ fi ríran, ojú ààyè ni, kì í ṣe ti òkú!" Ó na ọwọ́, ó di èjìká ọmọ rẹ̀ mú. "Bámiṣayé, bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Má fi èmi bojú. Lọ gé ọkọ̀ rẹ."

Súbérù gé e. Ọkọ̀ náà jáde, ó ga gogoro, ó sì burẹ́wà débi pé àwọn ọmọ Otokiti ń sá tẹ̀lé e, wọ́n ń pè é ní ràkúnmí. Nígbà tí òjò dé góńgó, Bámiṣayé kọjú rẹ̀ sí òkè. Ẹrẹ̀ fẹ́ gbé e jù sí kòtò, irin abẹ́ rẹ̀ ń ha àpáta, ẹ́ńjìnì ń ké, òun náà ń ké mọ́ ọn: "O ò ní padà! Èmi náà ò ní padà!" Inú rẹ̀ dùn lọ́nà tí kò dùn rí láti ọjọ́ tó ti ń wa ọkọ̀ ìjọba.

Nígbà tó yọ sí gbàgede ìlú, àwọn obìnrin figbe ta. Àwọn àgbà jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń wò ó. Oyèníyì wà láàárín wọn lórí àga onígi. Ó wá ṣèpàdé nílé, ẹsẹ̀ ló sì fi gòkè, ẹrẹ̀ ṣì wà ní sòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.

Adéòkè jáde pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ kékeré. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó rí i pé ó ga ju ìbàdí òun lọ. Àwọn ọ̀dọ́ méjì sáré wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè gbé e.

"Ẹ kúrò níbẹ̀." Ó fi ojú kan tí dókítà ti ṣe wo abẹ́ igi, ó na ọ̀pá síbẹ̀. "Oyèníyì, dìde. Mo fẹ́ fi àga yẹn gun ọkọ̀."

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ ni obìnrin yìí, ó sì ti wẹ̀ ẹ́ rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó dìde, ó fúnra rẹ̀ gbé àga náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹrẹ̀ ò jẹ́ kó dúró dáadáa.

"Màmá," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹgbẹ́ ti sọ̀rọ̀ o."

"Mo gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, bó o bá fẹ́, wá gbẹ́ ilẹ̀. Bó ò bá fẹ́, má wá. Àmọ́ mi ò tíì kú. Di àga mú."

Oyèníyì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú, ìyá arúgbó sì gun ọkọ̀.